Ọ̀dà bàálù ẹ tó funfun: má jù ú nù, má sì fi tínà kàn án

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tóo kọ kí n tó dáhùn. O ní oṣù méjì lo fi to bàálù oníke kékeré ẹ, Alpha Jet 1/72, ìyẹn ni pé ti gidi gùn tó o lọ́nà 72, o wá kùn ún ní Sátidé tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá l'Ọ́ffà, kó tó gbẹ gbogbo ara ẹ̀ ti funfun bí ẹni da eérú sí i, gíláàsì ibi tí awakọ̀ ń jókòó náà ti ṣú, o wá ń béèrè bóyá kóo jù ú nù àbí kóo fi tínà nù ún. Jọ̀ọ́, má jù ú nù, má sì jẹ́ kí tínà dé ibẹ̀ rárá, mo bẹ̀ ẹ́.

Tínà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí òun ló ṣe mí lọ́ṣẹ́ jù. Bàálù kẹta tí mo tò nìyẹn, Alpha Jet bíi tìẹ náà, bàálù tí Faransé àti Jámánì jọ ṣe, tí àwọn ológun òfurufú ilẹ̀ wa náà ń lò, mo sì ti ń fojú inú wo àmì aláwọ̀ ewé àti funfun tí mo máa lẹ̀ sí apá ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, mo kùn ún, ó funfun, inú bí mi, mo bá lọ ra tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà mọ́tò, mo fi àkísà nù ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ nù ún, funfun yẹn lọ lóòótọ́, inú mi dùn. Mo tún nù ún lẹ́ẹ̀kejì, àkísà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ iná, gbogbo ìlà tín-ín-tín tí wọ́n fín sí apá yẹn ti parẹ́, ojú ẹ̀ ti rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, àkísà sì ti tẹ̀ mọ́ ọn débi pé o lè ka òwú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Apá bàálù yìí láti etí kan dé èkejì ò ju ìnṣì 5 lọ, torí èyí tó jẹ́ gidi fi díẹ̀ ju mítà 9 lọ, tóo bá wá to irú tiwa yìí 72 tẹ̀lé ara wọn ló tó gùn tó ti gidi, níbo lèèyàn fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nínú ohun tó kéré báyẹn? Pólísítáírìn ni ike yẹn, tínà mọ́tò máa ń yọ́ ọ ni, pẹtiróòlù náà á bà á jẹ́.

Ẹni tó wá là mí lójú kì í ṣe ẹni tó ń to bàálù. Bàbá kan tó ń kun mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Tanke n'Ílọrin ni. Mo gbé e lọ bá wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọ̀dà yìí mu omi ni. Ṣé o ti rí mi rí kí n máa kun mọ́tò nígbà tójú ọjọ́ bá tutù báyìí?" Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní ṣóo rí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì, bó ṣe máa ń làágùn? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó ń sáré fẹ́ kúrò nínú ọ̀dà bó ṣe ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ, ojú ibi tóo kùn á tutù, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sí i bí ìrì, ọ̀dà á gbẹ mọ́ ọn. Funfun tóo rí yẹn nìyẹn. Ọ̀dà ẹ ò bàjẹ́, ọwọ́ ẹ náà ò sì burú.

Nítorí náà dúró di ọjọ́ tóòrùn bá ràn dáadáa. Lásìkò òjò, ẹ̀yìn ìrun Àìlà títí di bí aago mẹ́rin ló dáa jù, àárọ̀ ò dáa, alẹ́ ò dáa rárá. Fi agolo ọ̀dà tóo fi ń fín in yẹn sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, irú èyí téèyàn lè fi wẹ ọmọ jòjòló, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, má gbé e ka iná láéláé o, ó máa bú gbàmù. Kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ikùn bàálù níbi tójú ò ti ní í tètè rí i, fín ọ̀dà kan náà yẹn sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó máa rọ ti àkọ́kọ́, omi yẹn á rí ọ̀nà jáde. Tó bá ṣiṣẹ́, kóo ṣe gbogbo ara ẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, má fín in gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ò bá ṣiṣẹ́, sáńpépà 2000, èyí tó kúnná gan-an, pẹ̀lú omi, ra á jẹ́jẹ́, jẹ́ kó gbẹ, kóo tún un kùn. Èmi ti fi ọ̀nà yìí gba bàálù mẹ́rin là, wàlàhí.

Lẹ́yìn tóo bá ti kùn ún tán, kí ọ̀dà ti dákẹ́ òórùn díẹ̀, inú páálí ni mo máa ń gbé e sí, mo lu ihò sí i lára, mo gbé gílóòbù kan kọ́ sí òkè ẹ̀, gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná yẹn o, èyí tó ń ṣọ́ iná jẹ ò ní ooru tó máa ṣe nǹkan kan. Ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, tó bá ti ń ta ọ́ lọ́wọ́, ó ti gbóná jù, apá bàálù á tẹ̀.

Gíláàsì ẹ̀ ní tiẹ̀, òjò kọ́ ló ṣe é. Ó dá mi lójú pé súpáglúù lo fi lẹ̀ ẹ́. Èéfín ẹ̀ ló máa ń sẹ̀ sára gíláàsì bó ṣe ń gbẹ, àgàgà tóo bá ti dé e pa. Tó bá jẹ́ ìta ló ti ṣú, péésìtì ìfọyín díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀, máa yí i po títí tó fi máa dán. Tó bá jẹ́ inú ni, àfi kóo fi bíléèdì yọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, kóo nu inú ẹ̀ bákan náà, kóo wá fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́ padà. Kò lágbára bíi súpáglúù, ṣùgbọ́n gíláàsì ò gbé ẹrù kankan, tó bá sì kún jáde, aṣọ tútù lo máa fi nù ún kó tó gbẹ.

Má sì rò pé tó bá di ìgbà ọyẹ́ gbogbo ẹ̀ á dẹrùn. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò á máa gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì kóo tó gbé e débẹ̀, eruku á sì máa fò mọ́ ike bí ẹni pè é. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń fi abọ́ ńlá dé bàálù lórí gbàrà tí mo bá fín in tán.

Ó ku ẹyọ kan, tó bá jẹ́ pé o máa ṣí gíláàsì yẹn. Gbé bàálù ẹ lé táyà ẹ̀ kóo wò ó. Tó bá ń fìdí jókòó, tí imú ẹ̀ ń wòkè, inú imú ẹ̀ ò wúwo tó nìyẹn, ibi tóo ṣí yẹn lo sì lè gbà bá a. Lọ bá fọkanáísà, ní kó fún ẹ ní òjé tí wọ́n fi ń bálánsì táyà, èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń fún mi. Gé e wẹ́wẹ́, máa kó o síwájú díẹ̀díẹ̀ títí tí táyà iwájú á fi dúró lórí tábìlì, fọ ọwọ́ ẹ dáadáa torí òjé ò dáa lẹ́nu, ìgbà yẹn ni kóo tó dé gíláàsì padà.