Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì sanwó fún ọdẹ yẹn

Ìyá Ìbejì, ọ̀kún o. Mo rí ìbéèrè yín pé Táíwò yín, ọmọ ọdún 8, ń wo àwọn ọmọ òyìnbó lórí YouTube tí wọ́n gbé ejò kọ́rùn, òun náà wá ní ejò lòun fẹ́ fún ọjọ́ ìbí, ọdẹ kan ní Ìsánlú sì ti ní òun lè mú òjòlá kékeré kan wá fún yín, ẹ wá ń béèrè bóyá á bu ọmọ jẹ àti pé kí ni wọ́n ń fún un jẹ. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ti ń di ẹrù lọ sílé ìyá àgbà tí ejò bá wọlé, mo rẹ́rìn-ín títí, ọmọ yẹn gbọ́n jàre.

Èmi sin òjòlá nínú ilé mi ní Kábbà níbí fún ọmọ mi obìnrin, kì í ṣe nkan tí mo kà lórí fóònù. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọdẹ yẹn, ẹ má sì rà á fún Táíwò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin tàbí bàbá wọn ló wù láti sin ejò, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn, torí bó ti wù kó rí ẹ̀yin náà lẹ máa sìn ín. Irú òjòlá inú fídíò yẹn tí wọ́n ń pè ní ball python, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa ó máa ń lo ọdún 20 sí 30. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Táíwò á ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, á ti gbéyàwó, ejò ṣì wà ní pálọ̀ yín tó ń retí eku.

Ṣé á bu ọmọ jẹ? Tó bá pẹ́ lọ́wọ́ yín á bu ẹnì kan jẹ lọ́jọ́ kan. Ó bu èmi jẹ nítorí pé òórùn eku wà lọ́wọ́ mi, ó rò pé oúnjẹ dé. Kò lóró rárá, eyín ẹ̀ kàn wẹ́wẹ́ ó sì mú, ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tán. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju ẹnu ẹ̀ lọ ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní salmonella, tó máa ń wà lára ejò, alángbá, ahun, gbogbo wọn, ara ẹranko yẹn á le koko síbẹ̀ á kó o ran èèyàn, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń fà. Àwọn dókítà ní ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà kò yẹ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin sì sọ pé àbúrò wọn ṣì ń rá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ ṣá, àmọ́ mo mọ bí ọmọ ṣe ń bẹ ìyá ẹ̀ títí ìyá á fi gbà, torí ẹ̀ mo ṣì máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ yẹn ló kàn. Ball python jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa lóòótọ́, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà ló ń gbé, nínú ihò eku àti òkìtì ọ̀gán, kì í sábà gùn ju mítà 1 àbọ̀ lọ, tẹ́rù bá bà á ńṣe lá ká jọ táá fi orí pamọ́ sáàárín. Àwọn oníyẹ́lò àti funfun tí Táíwò ń rí lórí fóònù, inú ilé ni wọ́n bí wọn sí lọ́hùn-ún, ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn náà inú ilé ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ èèyàn ti mọ́ wọn lára. Èyí tí ọdẹ fi ọkọ́ wú jáde nínú ihò lánàá kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Èyí tó dé ọwọ́ mi, eégbọn wà lábẹ́ ìpẹ́ ara ẹ̀ káàkiri, aràn wà nínú ẹ̀, kò jẹun, bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn á máa hó. Dókítà ẹran tí mo pè ní màlúù àti ewúrẹ́ lòun mọ̀, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń bá mi sọ̀rọ̀, kò wọlé o, mi ò sì bínú sí i.

Ohun mìíràn tún ni pé ta ló sọ fún yín pé ball python ni ọdẹ yẹn máa mú wá? Ọmọ òjòlá ńlá, èyí tó máa ń gùn kọjá mítà 5 tó ń gbé ewúrẹ́ mì, bó bá ṣì kéré, ojú ẹni tí ò mọ̀ ò lè yà á sọ́tọ̀ kíákíá. Lóṣù kẹjọ ọdún 2013, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Campbellton ní Kánádà, irú òjòlá ńlá ilẹ̀ Áfíríkà yìí tí ọkùnrin kan ń sìn jáde nínú àgò ẹ̀ lóru, ó gba ọ̀nà atẹ́gùn já sí ibi tí àwọn ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 4, sùn sí, ó sì pa àwọn méjèèjì. Ẹni tó mọ ejò ló ń sìn ín o, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹranko. Mi ò sọ ọ́ láti já yín láyà, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé "kékeré" tí ọdẹ ń sọ yẹn, ti òní ló ń sọ. Ẹ tún fi sí i pé òjòlá wà lára àwọn ẹranko tí àdéhùn CITES ń ṣọ́ òwò wọn káàkiri ayé, NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, sì wà fún irú nkan báyìí ní Nàìjíríà, kì í ṣe ọjà tí èèyàn kàn ń gbà lórí ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ohun tí wọ́n ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí yìnyín ti ń já bọ́ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra gílóòbù tó ń gbóná, kí apá kan àgò ẹ̀ gbóná tó 32 lórí ìwọ̀n Celsius kí apá kejì wà ní nkan bíi 26. Níbí kẹ̀? Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, yàrá onípáànù tí kò ní sílìǹ máa ń kọjá 35 dáadáa lọ́sàn-án, ooru yẹn lè pa á, nepa ò sì ní mú iná wá kí fáànù lè yí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìkòkò amọ̀. Mo ra èyí tó ti sán lọ́jà, mo gbẹ́ ẹnu ọ̀nà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dojú ẹ̀ dé sínú àpótí tí káfíńtà kàn fún mi, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, tó wà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ onísìmẹ́ńtì, mo ń wọ́n omi sí ìkòkò yẹn lára, ibẹ̀ ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, kì í fẹ́ jáde. Táíwò tó rò pé á máa bá òun ṣeré, á jókòó wo ìkòkò títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí òru ni ejò yẹn ń rìn, ìgbà tí ọmọ ti sùn.

Ọyẹ́ wá ni ọ̀gá wàhálà. Atẹ́gùn á gbẹ, tó bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ di bàìbàì, kàkà kí awọ yẹn bọ́ lódindi láti ẹnu dé ìrù, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ lá máa já, èyí tó bo ojú á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi èékánná ṣí i o, ojú ló máa bá a lọ. Aṣọ tó tutù ni mo máa ń dì í sí nínú ike tó ní ìdérí, kó wà níbẹ̀ díẹ̀ kó máa fara nù ún. Ìgbà ọyẹ́ yẹn náà ló máa ń kọ oúnjẹ, ó lè tó oṣù mélòó kan tí kò ní fi ẹnu kan nkan kan, ọmọ mi ń sunkún pé ó ń kú lọ, mo ń fi òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà wọ̀n ọ́n, tí kò bá ti rù mo fi í sílẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ó jẹun fúnra ẹ̀. Ìyàwó mi ra òṣùwọ̀n tuntun, kò sì gbà kí n san án padà, ó kàn ń wò mí.

Ẹ béèrè oúnjẹ. Eku ni wọ́n ń fún un, kò jẹ ẹ̀wà kò jẹ iṣu. Tó bá ṣì kéré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó bá dàgbà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, eku tó sanra tó ibi tí ara ejò ti sanra jù. Àmọ́ èwo nínú eku? Eku inú ilé lè ti jẹ oògùn eku ní ilé aládùúgbò kó tó wọ ilé yín, oògùn yẹn á pa ejò náà. Eku ààyè lè bu ejò jẹ, mo ti rí egbò ẹ̀. Eku funfun tí wọ́n ń sìn fún láàbù ló dáa jù, Ìlọrin ni mo ń ránṣẹ́ sí, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí lásìkò yìí, wọ́n á ti pa á, á dì sínú fíríísà, ẹ ó fi omi gbígbóná yọ yìnyín ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un. Fíríísà tí ẹja àti ẹran ọbẹ̀ yín wà ni mò ń sọ o. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá wọn bóyá ó gbà.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ejò yẹn jáde lọ́jọ́ kan tí ẹnì kan ò ti ìdérí dáadáa, ẹ̀yìn fíríísà la ti rí i níbi tí mọ́tò fíríísà ti ń gbóná, àwa ò tíì rí i tí gbogbo àdúgbò ti mú igi àti àdá, bí wọ́n bá ṣáájú wa rí i ẹran ọbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà àwọn kan ò jẹ́ kí ọmọ wọn wá ṣeré nílé wa mọ́, ẹlòmíì wá lálẹ́ wá rọra béèrè pé nígbà tó bá kú ṣé mo lè fún òun ní ọ̀rá ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ò bá mi wí, wọ́n kàn ń gbàdúrà lé ilé mi lórí pẹ̀lú ohùn gíga.

Gbogbo èyí, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ejò lè fara dà á. Ìdí tí mo fi ní ẹ má rà á fún Táíwò kò sí nínú ejò yẹn, ara ọmọ ló wà. Lásìkò kajú, a wà lóko bàbá mi, gbogbo ilé ló ń ṣa èso, ẹ̀yin náà mọ bí ewé gbígbẹ ṣe máa ń nípọn tó lábẹ́ igi kajú. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ láti gbé nkan kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Dádì, wo èyí, ó jọ tiwa." Paramọ́lẹ̀ ni. Ó sanra dáadáa, ara ẹ̀ ní bátànì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ti òjòlá wa, kò mira, paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn, ibi tó wà lá dúró sí. Ìyá mi ló fa ọmọ náà ní aṣọ lẹ́yìn, wọ́n jọ ṣubú.

Ọmọ tí ò tíì sin ejò rí, tó bá rí ejò ńṣe lá pariwo táá sá, ariwo yẹn ló ń dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí láti ìgbà láéláé. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ tèmi, torí lójoojúmọ́ ló ń rí ejò tí kì í ṣe é ní nkan kan. Ọmọ Lọndọnu tí ò ní rí paramọ́lẹ̀ láéláé, ìyẹn lè gbé ejò kọ́rùn kó lọ síléèwé. Táíwò tó ń bá yín lọ sóko, tó ń ṣa kajú, tó ń wa ihò eku pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, lágbègbè tí sèbé àti paramọ́lẹ̀ wà, ẹ má kọ́ ọ pé ejò ṣeé gbé. Ẹ má sì rò pé ẹ lè kọ́ ọ bó ṣe máa dá wọn mọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀, ọmọ ń ka gbogbo ẹ̀ lórí, orí ńlá, ọrùn tín-ín-rín, ìrù kúkúrú, nígbà tó dé abẹ́ igi kajú "ó jọ tiwa" ló rántí.

Tí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tiyín tàbí tìgbẹ́ tí ẹ ò mọ̀, ẹ má so okùn mọ́ ọn pinpin, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yẹn má mira, ẹ gbé e sílé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oògùn ejò (antivenom), ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó wà nílẹ̀.

Tí Táíwò bá gbọ́dọ̀ sin nkan, ẹ ra ehoro fún un, kó máa já ewé fún un, kó máa kó ìgbẹ́ ẹ̀. Tó bá ṣe é tọkàntọkàn títí á fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tí ejò ṣì wà lọ́kàn ẹ̀, ẹ wá mi wá, mo ṣì ní àpótí yẹn nílé, mi ò ní gbowó.

Ti ọdẹ yẹn, tó bá ti wà lójú ọ̀nà, kó má tú àpò ẹ̀ sínú ọgbà yín. Kó ya fọ́tò orí ejò náà fúnra ẹ̀, ẹ̀yin ẹ dúró lókèèrè, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá sọ èyí tó jẹ́ fún yín lónìí náà.