Ibo la lè mú àwọn ọmọ kékeré lọ ṣeré ní Abẹ́òkúta lásìkò ọyẹ́?

Òkè Olúmọ ló dára jù láti kọ́kọ́ mú wọn lọ, pàápàá láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè gùn bí ẹ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ fi abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun hàn wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ kan òkúta tó tutù yẹn. Lókè téńté, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni ẹ ó máa wò káàkiri ìlú, àfi bí ọyẹ́ bá bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ẹranko, ọgbà ẹranko wà ní ilé-ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mósàn. Lálẹ́, ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà àti àlọ́ ti tó eré.

Ọyẹ́ sábà máa ń mú láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ẹ fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀ wọn kí ẹ tó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ pẹ́ níta lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀.