Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Jíìpù Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Mọ́lẹ̀ Lóru, àti Àjà Ọkọ̀ Tó Ń Já

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Mo ní Land Rover LR3 ti ọdún 2006, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, ẹ̀rọ V8 tó ń lo pẹtiróòlù ló ní. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ lálẹ́, yóò dúró dáadáa, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ara rẹ̀ a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mọ́dígáàdì iwájú a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Bí mo bá ṣáná sí i, yóò gbéra díẹ̀díẹ̀. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn ni iná pupa ti ń tàn, tí ó ń kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 30 lọ ní wákàtí kan. Mẹkáníìkì mi ní kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò tó gbé ọkọ̀ dúró, ti kú, kí n lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n yọ gbogbo ètò afẹ́fẹ́ náà dànù, kí n fi sípíríǹgì onírin rọ́pò rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? *Òǹkàwé, Bódìjà, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sórí kọ̀mpírẹ́sọ̀. Àìsàn méjì tí ọ̀kan bí èkejì ni ẹ ṣàpèjúwe fún wa, bí ẹ bá sì wo ọmọ sàn láìwo ìyá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun náà yóò lọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe lọ.

LR3 ẹlẹ́rọ V8 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ará Bìrìtéènì mọ̀ sí Discovery 3, kò ní sípíríǹgì onírin ní ẹsẹ̀ kankan. Àpò rọ́bà ló wà ní ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń fún afẹ́fẹ́ sí láti inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn fáàfù. Táǹkì kan ń tọ́jú afẹ́fẹ́ pamọ́, sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru àti erùpẹ̀ a máa la rọ́bà náà ní ojú ibi tó ti ń ká. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí a ṣe kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì sinmi yóò wá máa ṣiṣẹ́ láìsinmi nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jò. Yóò gbóná ju bó ti yẹ lọ, òrùka tó yí písítìnì rẹ̀ ká yóò jẹ, agbára rẹ̀ yóò dínkù, títí kọ̀ǹpútà yóò fi rí i pé ọkọ̀ ń pẹ́ jù kó tó gbéra, tí yóò sì tan iná pupa tí ẹ rí yẹn.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwọn mẹkáníìkì lọ́nà lórí ọkọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ètò afẹ́fẹ́ kò sùn tán. A máa jí láti ìgbà dé ìgbà, a wo igun tó lọ sílẹ̀ jù, a sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní àwọn igun yòókù kí ọkọ̀ lè dúró dọ́gba. Nítorí náà, àpò kan ṣoṣo lè máa jò kí gbogbo ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, bí ẹni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti bàjẹ́. Kí ẹ tó lè mọ èyí tó ń jò gan-an, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lálẹ́, ẹ pa á, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìwọ̀n láti àárín gbùngbùn táyà kọ̀ọ̀kan dé etí mọ́dígáàdì tó wà lókè rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ fíúùsì ètò afẹ́fẹ́ náà, tàbí kí ẹ tú orí bátìrì, kí kọ̀ǹpútà má baà lè fọwọ́ kan ohunkóhun lóru. Láàárọ̀, kí ẹ tó dá a padà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí igun kan bá ti lọ sílẹ̀ tí mẹ́ta yòókù sì dúró, àpò ibẹ̀ tàbí ọ̀pá afẹ́fẹ́ tó wọ orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí igun méjì tó jọ wà níwájú, tàbí tó jọ wà lẹ́yìn, bá lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ yẹ àpótí fáàfù apá ibẹ̀ wò. Bí kò bá sí èyí tó yí padà rárá, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó kàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ̀ sí ìpele tó ga jù kí ojú ibi tí rọ́bà ti ń ká lè hàn, kí ẹ da omi ọṣẹ sí i àti sí ìdí ọ̀pá afẹ́fẹ́. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó láìdáwọ́ dúró ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ìkìlọ̀ pàtàkì rèé: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ náà láìfi ìdúró irin tó lágbára gbé e, nítorí ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lè jókòó lójijì bí fáàfù kan bá ṣí. Jáàkì nìkan kò tó.

Kí ẹ tó dá kọ̀mpírẹ́sọ̀ lẹ́jọ́, ẹ wo rílée rẹ̀, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un, tó wà nínú àpótí fíúùsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa jóná mọ́ra, kọ̀mpírẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ títí yóò fi jóná. Ẹ wo bátìrì pẹ̀lú, nítorí bátìrì tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ a máa tan iná èké lórí Land Rover. Bó bá wá di dandan kí ẹ pààrọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ pààrọ̀ rílée pẹ̀lú rẹ̀. Tòkunbọ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn níbí yìí: òkúta kéékèèké tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀, bí ó bá sì ti gbó, yóò di ìyẹ̀fun funfun tí yóò lọ dí àwọn fáàfù. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ṣe ló wà lára àwọn ọkọ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ra ti ilé-iṣẹ́ AMK tó rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwádìí Land Rover gbọ́dọ̀ tún ètò inú kọ̀ǹpútà ṣe kí ó tó lè bá a ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní ti sípíríǹgì onírin, n kò fọwọ́ sí i fún yín. Ẹ ó pàdánù gbígbé ọkọ̀ sókè nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹ ó pàdánù bó ṣe ń dúró dọ́gba nígbà tí ẹrù bá kún ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣàròyé bí wọn kò bá tàn án jẹ. Ẹni tó ń gbé níbi tí kò ti lè rí onímọ̀ kankan nítòsí nìkan ni mo lè gbà bẹ́ẹ̀ fún. Ní Ìbàdàn, ẹ ní ànfàní ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè: Aṣọ àjà Range Rover Sport mi ti ọdún 2008 ti já, ó ń kan orí àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó tún já. Mo sì rí àbàwọ́n omi ní igun iwájú lápá òsì. *Òǹkàwé, Sùúrùlérè, Èkó.*

Ìdáhùn: Kì í ṣe gọ́ọ̀mù yín ló burú. Fóòmù pẹlẹbẹ kan wà láàárín aṣọ àti pákó àjà náà, ooru ló sì ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Orí ìyẹ̀fun ni ẹ ń lẹ aṣọ mọ́, kò sì lè dúró. Ńṣe ni kí wọ́n yọ pákó náà jáde láti ẹnu búùtù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn fóòmù àtijọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tó lè fara da ooru lẹ aṣọ tuntun tó ní fóòmù tirẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi píìnì kàn án, kí wọ́n má sì lẹ etí rẹ̀ pa lókè ilẹ̀kùn, nítorí àpò ìdáàbòbò tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan òpó iwájú, kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n sì dúró díẹ̀.

Àmọ́, àbàwọ́n omi yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Omi tó bá wọ ojú ihò òrùlé (sunroof) ń gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú òpó iwájú sọ̀kalẹ̀ síta, ewé àti erùpẹ̀ a sì máa dí i. Ẹ rọra da omi díẹ̀ sí igun ihò náà, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá jáde, ẹ fi wáyà rírọ̀ tí orí rẹ̀ kò mú là á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fọganáísà fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ ẹ, kí ọ̀pá náà má baà yọ kúrò ní ìdí rẹ̀ nínú òpó, nítorí nígbà náà ìdí ẹsẹ̀ yín, níbi tí wáyà wà, ni omi yóò máa dà sí. Bí èyí bá ti parí ni kí ẹ tó pe ẹni tí yóò ṣe àjà.

Ìbéèrè: Awọ ìjókòó awakọ̀ mi ti ń sán, awọ sítíárìn ń bó, àwọn bọ́tìnì sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ṣé òróró ni kí n máa fi pa á? *Òǹkàwé, Abẹ́òkúta.*

Ìdáhùn: Rárá. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sójú awọ náà kì í jẹ́ kí òróró wọlé tó bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni yóò wà, yóò sì máa kó ìdọ̀tí jọ. Kẹrosíìnì àti pólíìṣì táyà tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń lò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le, omi díẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Bí ojú awọ nìkan ló sán, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè dí i kí ó sì tún un kùn. Bí ó bá ti ya dé inú, kí wọ́n gé apá ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan kúrò, kí wọ́n rán awọ mìíràn sí i.

Òógùn ọwọ́ àti sánítáísà ló ń bó sítíárìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ kí ẹ tó dì í mú. Ohun tó ń lẹ̀ lára bọ́tìnì ni rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, tí ooru ti yọ́. Ẹ fi spírítì díẹ̀ sí aṣọ, kì í ṣe sí bọ́tìnì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì rọra nù ún kí àmì orí rẹ̀ má baà parẹ́.