Ṣé mọlẹ́íkà ń ṣépè fún obìnrin tó ń sá fún àrùn?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékùm, Ààfáà. Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo ni mò ń gbé. Ọkọ̀ àjàgbé ni ọkọ mi ń wà lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí mo wà nínú oyún, wọ́n yẹ̀ wá wò. Èmi ò ní nǹkan kan, àmọ́ wọ́n bá kòkòrò apa-sójà-ara (HIV) lára tirẹ̀. Kò lo oògùn, kò sì gbà láti lo rọ́bà ìdáàbòbò. Bí mo bá kọ̀ fún un, á ní àwọn mọlẹ́íkà ń ṣépè lé mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ oṣù mẹ́rin ṣì ń mu ọmú mi. Ṣé mo ń dẹ́ṣẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmù sàláàmù, ọmọ mi. O ò dẹ́ṣẹ̀. Ìyẹn ni n ó kọ́kọ́ sọ, kí o lè rí oorun sùn lálẹ́ òní.

Hàdíìsì tí ọkọ rẹ ń kà wà nínú ìwé hàdíìsì Bùhárì àti ti Mùsílímù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ímáámù Nawawi tó ṣàlàyé rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé obìnrin tó kọ̀ láìní àwáwí tí ṣẹ́ríà gbà ni ó ń bá wí. Àwáwí wo ló tún ju ààbò ẹ̀mí lọ? Ọlọ́hun sọ nínú Súrátúl Bákárà, áyà 195, pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọkùnrin wa mọ hàdíìsì mọlẹ́íkà lórí, ṣùgbọ́n èyí tí Ànábì ti ní ẹni tó dára jù nínú yín ni ẹni tó dára sí ará ilé rẹ̀ jù, wọn kì í kà á létí ìyàwó.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé rọ́bà jẹ́ èèwọ̀ láàárín tọkọtaya. Jábírì, ọ̀kan nínú àwọn sọ̀hábà, ìyẹn àwọn tó bá Ànábì rìn, sọ pé àwọn máa ń da àtọ̀ síta nígbà tí Àlùkùrání ṣì ń sọ̀ kalẹ̀. Orí ìyẹn ni àwọn onímọ̀ gbé ti rọ́bà kà.

Mi ò bèèrè bí ọkọ rẹ ṣe kó o. Oògùn ni kó lò, ọ̀fẹ́ sì ni nílé ìwòsàn ìjọba. Tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kòkòrò náà ti dín débi tí ẹ̀rọ ò rí i mọ́, kò ní kó o ràn ọ́ lórí ibùsùn. Títí dìgbà náà, rọ́bà ni. Ìwọ náà, padà lọ ṣàyẹ̀wò, nítorí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, àyẹ̀wò lè máà tíì rí i, ọmú sì lè gbé e dé ara ọmọ. Oògùn wà tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà ń lò kó má baà kó o. Bi wọ́n léèrè. Bó bá sì fi agbára mú ọ, tètè dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé. Oògùn ọjọ́ 28 wà fún irú rẹ̀.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tú yìgì náà. Mi ò lé ọ jáde nílé ọkọ o.

Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀ pé kò ní lù ọ́, sọ fún un pé mo ní kó wá rí mi lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Èmi àti òun nìkan la ó jókòó.