Iṣan màlúù ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe ẹ̀rọ tó ń fa iṣan, ká lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Iṣan inú bọ̀kọ́tọ̀, èyí tó so ẹran mọ́ egungun, la ń lò. Kò tíì le tán tó fi ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu fáìsì, irin tó dì í mú. A fún nọ́ọ̀tì sí i, fáìsì gé iṣan. Kí la ó ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Tánkẹ̀, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún nọ́ọ̀tì mọ́ rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú iṣan. Bí ẹ ṣe ń fà á ló ń tín-ín-rín, tó ń sun omi, fáìsì á sì dẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tì tú. Ẹ tú u wò: omi á máa dán lójú irin, fọ́nrán á sì lẹ̀ mọ́ ọn bí òwú tó rẹ.

Orí méjèèjì ni kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi báńdéèjì tó rẹ sínú omi iyọ̀, iyọ̀ gíráàmù 9 sí omi lítà 1, wé àárín iṣan. Ẹ ṣí sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ lórí kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ títí tí yóò fi le bí awọ bàtà. Sáńpépà ni kí ẹ fi tẹ́ ẹnu fáìsì. Bí egungun bá ṣì wà nídìí iṣan, ìyẹn ló dára jù: ẹ fi fílà tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò rì í sínú páìpù irin. Fílà máa ń gbóná bó ṣe ń le, nítorí náà ẹ bo iṣan.

Ẹ má fa odidi iṣan. Ẹ la á gbọọrọ, kó fẹ̀ tó mìlímítà 5, kó sì nípọn tó mìlímítà 2 (10 mm²). Irú èyí máa ń já láàárín newton (ìwọ̀n agbára) 500 sí 1,000, load cell, ìyẹn ohun tó ń wọn agbára ìfà, ti kílò 200 á gbà á. Kí ẹ tó fà á já, ẹ kọ́kọ́ fà á díẹ̀, kí ẹ dẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nítorí ìfà àkọ́kọ́ kì í bá èyí tó tẹ̀lé e mu.

Ẹ má gba ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa bó ṣe gùn sí. Férémù ẹ̀rọ náà ń tẹ̀. Ẹ fi yíǹkì kán àmì méjì sáàárín, kí mìlímítà 20 wà láàárín wọn, kí ẹ fi fóònù ya fídíò wọn.

Bí ẹ bá ń kó iṣan pamọ́ sínú firíìsà, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lè bà á jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di yìnyín lẹ́ẹ̀mejì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ̀rọ yìí lè dán àwo irin tí wọ́n fi ń de egungun wò? — Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Fífà kọ́ ni ti àwo, títẹ̀ ni. ASTM F382, ìlànà ìdánwò àwo irin egungun, ni kí ẹ tẹ̀lé: róólà méjì nísàlẹ̀, méjì lókè. Ihò ìdè ni kí ẹ ṣọ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́.