Ìbéèrè Yín Lórí Mọ́tò: Jíìpù Wo Ló Máa Gba Gbogbo Wa?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì ni. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Mọ́tò kékeré tá à ń lò kò gbà wá mọ́, la bá fẹnu kò pé ká ra jíìpù kékeré tí wọ́n ń pè ní kírọsófà. Àlòkù la máa rà. Ọkọ mi ní Honda CR-V lòun fẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní tí kì í bá ṣe Toyota RAV4 ká gbàgbé ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní Nissan Rogue rẹwà jù wọ́n lọ, kì í sì í jẹ epo. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe é fọkàn tán?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n tó fọhùn lórí orúkọ, ẹ jẹ́ ká ka orí ná. Ẹ̀yin àti bàbá wọn, méjì. Ọmọ mẹ́ta, ó di márùn-ún. Màmá, ó di mẹ́fà. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, èèyàn márùn-ún ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbà. Lóòótọ́, wọ́n fi ìlà ìjókòó kẹta sínú àwọn RAV4 kan láàárín 2006 sí 2012, wọ́n sì fi sínú àwọn Rogue kan láti 2014, ṣùgbọ́n ọmọdé ni ibẹ̀ mọ. Àgbà tí orúnkún ń dùn ò lè rápálá débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Tí Màmá bá máa ń bá yín jáde déédéé, ọkọ̀ onílà mẹ́ta lẹ nílò: Toyota Highlander, Honda Pilot, tàbí Kia Sorento tó bá ní ìlà kẹta. Tó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo yín ń jáde pọ̀, ọkọ̀ èèyàn márùn-ún lè tó, ẹnì kan á kàn máa wọ ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ o. Bí bíréèkì bá mú lójijì, kò sí ọwọ́ ìyá tó lágbára tó láti di ọmọ náà mú.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ gbé ìjókòó àwọn ìbejì dání, kẹ́ ẹ sì mú àkọ́bí yín lọ. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ibi tá a ń jókòó lé àti ibi tá a ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ ó fọwọ́ kan irin kéékèèké méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn irin yẹn la ń fi ìjókòó ọmọdé há. Láti oṣù kẹsàn-án 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ wọ́n di dandan nínú ọkọ̀ tuntun. Ẹ há ìjókòó méjèèjì síbẹ̀, kí àkọ́bí wá wọ àárín wọn. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ lè rí ojú ihò tí bẹ́líìtì ìjókòó ń wọ̀, torí ìjókòó àwọn ìbejì sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tí kò bá rí ihò náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo yín bá ń kánjú, á jókòó láìdè é. Tí kò bá tíì ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 145, òun náà ṣì nílò ìjókòó ọmọdé tó máa gbé e sókè, kí bẹ́líìtì lè gba èjìká rẹ̀ kọjá, kó má gba ọrùn.

Ẹ mú Màmá náà lọ. Ní ti orúnkún wọn, ẹ̀yin àti ọkọ yín mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ́ ẹ fi yan kírọsófà. Jíìpù gidi máa ń ní ṣáàsì lábẹ́ ọ̀tọ̀, ara ọ̀tọ̀ lórí, ó sì ga débi pé wọ́n á máa gùn ún ni. Kírọsófà, orí ìpìlẹ̀ mọ́tò kékeré ni wọ́n kọ́ ọ lé: nígbà tí RAV4 kọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1994, tí CR-V tẹ̀ lé e ní 1995 lórí ìpìlẹ̀ Civic, ohun tó fà wá mọ́ra nìyẹn. Ìjókòó rẹ̀ ń ṣe déédéé ìdí àgbà. Wọn ò ní gùn, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀. Kí Màmá wọlé kí wọ́n sì jáde lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa wo ojú wọn.

Ó wá ku èyí tẹ́ ẹ béèrè gan-an. Ọkọ yín, àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ yín, orúkọ ni gbogbo wọn ń pè. Orúkọ nìkan ò tó ra ọkọ̀. Ọdún tó jáde, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ àti irú jíà tó ń lò ni kẹ́ ẹ máa béèrè. RAV4 2006 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin lítà 2.4, a mọ̀ ọ́n mọ́ jíjẹ ọ́ìlì. Ó lè má jò sílẹ̀ rárá, ọ́ìlì á ṣáà máa lọ. Ẹni tí kì í yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò, ìró irin ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ní 2009 ni Toyota gbé lítà 2.5 rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì dára gan-an. Ara ọkọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì síwájú yín, ẹ lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

CR-V tí ọkọ yín fẹ́ náà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2007 dé 2014, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó ń lo ṣéènì, tí kì í ṣe bẹ́líìtì táímìn tá a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀, ni wọ́n ní, jíà wọn sì jẹ́ ọ́tòmátíìkì tí à ń mọ̀ látayébáyé. Mo fọkàn tán an. Ní 2015 ni CVT, irú jíà kan tó ń lo bẹ́líìtì irin, wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tọ́bò lítà 1.5 dé ní 2017, àwọn tó ń gbé níbi tí òtútù ti mú bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bẹntiróòlù ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, Honda fúnra wọn sì fi kún àkókò tí wọ́n á fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Rogue ńkọ́? Ó rẹwà lóòótọ́, kì í sì í jẹ epo. CVT ni wọ́n fi bí i. CVT kì í ní jíà kìíní, kejì, kẹta. Bẹ́líìtì irin ló ń sáré láàárín púlì méjì tí ń fẹ̀ tí ń sún kì. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nissan fa àdéhùn àtúnṣe CVT àwọn ọkọ̀ wọn 2003 sí 2010 gùn dé ọdún mẹ́wàá tàbí 120,000 máìlì ní Amẹ́ríkà, èyí tó tó nǹkan bí 193,000 kílómítà. Àdéhùn yẹn ti parí tipẹ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lónìí, ọrùn ara rẹ̀ ni gbogbo ìnáwó wà. Mi ò ní sọ pé kí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta rà á láìsí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíà máa ń dùn mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń tún mọ́tò ṣe, síbẹ̀ jíà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n rí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, mo ra kírọsófà kan fún ilé. Mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo wo abẹ́ rẹ̀, kò jò. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi wà á, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí ara ọkọ̀ ò tíì gbóná. Ní oṣù kejì lẹ́yìn tí mo rà á, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, àwa márùn-ún wà nínú ẹ̀, à ń gun òkè kan lọ. Mo tẹná, ẹ́ńjìnnì pariwo, ọkọ̀ ò lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo di bíréèkì mú, mo ń wo iná àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú dígí, ọmọ mi wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé a ti dé ni?" Ohùn yẹn ò kúrò létí mi.

Látìgbà náà, bí mo bá bá ẹnikẹ́ni lọ wo ọkọ̀, a máa ń débẹ̀ kí olówó ọkọ̀ tó ṣíná. Màá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, àá padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí pé ọkọ̀ tútù ni kì í lè purọ́. Tá a bá ṣíná, màá dúró sẹ́yìn sálẹ́ńsà: èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó; funfun tó ki tí kò sì lọ nígbà tó gbóná, omi ló ń wọ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, a ó sì wá òkè gùn. Màá fi sí dúráífù, màá fi sí rìfáàsì, màá máa kà á lọ́kàn. Jíà tó bá pẹ́ kó tó mú, tó bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, tàbí tó ń hu bí ẹ̀fúùfù bá a ṣe ń sáré sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí ọ̀pá tí à ń fi wo ọ́ìlì jíà bá wà, ẹ nu ún sára aṣọ funfun. Pupa ló yẹ kó jẹ́ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí máa ń dán bíi tuntun. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, torí pé ìdí rẹ̀ kì í sí nínú ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ẹ ó rí ilà ẹrẹ̀ níbi tí omi dé.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré nọ́ńbà ṣáàsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, ó wà lábẹ́ dígí iwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ti pè é padà fún tí wọn ò sì tíì ṣe. Ẹ̀rù èyí ń bà mí fún CR-V 2002 sí 2011, torí pé wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tí iléeṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ìjàǹbá, irin ló ń fọ́n sí ojú ẹni tí ì bá gbà là. Ọ̀fẹ́ ni pípààrọ̀ rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ náà rárá.

Tó bá jẹ́ ilé tèmi ni, tí a pé mẹ́fà, Highlander 2008 sí 2013 tó ní V6 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà) lítà 3.5 ni màá wá. Ṣéènì ló ń lò, jíà rẹ̀ kì í ṣe CVT, ìlà kejì rẹ̀ sì gba ìjókòó ìbejì. Kí mẹkáníìkì yín fi tọ́ọ̀ṣì wo páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi ẹ̀rọ tó ń yí àkókò fáàfù padà (VVT-i) lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde: rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ó lè bẹ́, kí ọ́ìlì sì dà tán kí ẹ tó mọ̀. Irin ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Pilot láyè jù ú lọ, èèyàn mẹ́jọ ló ń gbà, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì táímìn ni V6 rẹ̀ ń lò, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 160,000 kílómítà tàbí ọdún méje. Bí kò bá sí ìwé rẹ̀, ẹ ka owó bẹ́líìtì mọ́ owó ọkọ̀. Ti 2003 àti 2004, wọ́n pè wọ́n padà nítorí jíà. Sorento 2012 sí 2014 tó ní lítà 2.4 wà lára àwọn tí Kia pè padà ní 2017 nítorí wínníwínní irin tó kù sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ béèrè ìwé àtúnṣe yẹn.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, CR-V méjì ni mo rí, ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan wọ́, èkejì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èwo ni kí n mú?

Olùkọ́ kan

Ìdáhùn

Tí ẹ kì í bá wa ọkọ̀ gba inú ẹrẹ̀ tàbí yìnyín, ẹ mú ti ẹsẹ̀ iwájú. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kéré. Elẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní ọ́ìlì ọ̀tọ̀ lẹ́yìn. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tẹ́ ẹ bá rọ́ sítíárìn dé òpin ní ibi tóóró, ọ́ìlì yẹn ló ti gbó. Táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà kọ̀ọ̀kan: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí méjì bá jẹ́ 2019 tí méjì tó kù sì jẹ́ 2023, ojú táyà ò lè dọ́gba, ẹ jẹ́ kí olówó ọkọ̀ yọ owó táyà kúrò kẹ́ ẹ tó sanwó.