Ṣé Epo Wà Nínú Àpáta Etíkun Tí Wọ́n Ń Wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ mi ṣeré dé West Bay ní Dorset, a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn àpáta gíga tó wà létí òkun, olùkọ́ wọn sì sọ pé nítorí epo rọ̀bì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta ilẹ̀ ní agbègbè náà. Ó ní ibi tí àpáta bá ti yọ báyìí, epo wà nísàlẹ̀. Ṣé kí n ra púlọ́ọ̀tì kan?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ nítorí epo ni, ẹ má rà á. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi iṣẹ́ àwa tí à ń yẹ àpáta wò nítorí epo lu ènìyàn ní jìbìtì. Olùkọ́ yẹn sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé epo wà nínú àpáta náà.

Àpáta iyanrìn tí ẹ rí, tí à ń pè ní Bridport Sand, ti lé ní 170 mílíọ̀nù ọdún. Àpáta yìí kan náà wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Wytch Farm nítòsí Poole, ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí West Bay, ní ìjìnlẹ̀ bí 900 mítà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí epo nínú rẹ̀ ní 1973.

Èrò pé epo wà níbi tí àpáta bá ti yọ síta ni mo fẹ́ kí ẹ gbé jù sílẹ̀ pátápátá, nítorí òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òtítọ́. Epo kì í dúró sínú ilẹ̀ bí adágún. Inú àlàfo tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà láàárín hóró iyanrìn ló ń wà. Níwọ̀n bí ó ti fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló máa ń wá lọ, àfi tí ìpele amọ̀ líle tí kò jẹ́ kí nǹkan kọjá bá dí i lójú ọ̀nà. Àpáta tó ti yọ síta dà bí ìkòkò tí kò ní ọmọrí: bí epo bá tilẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ rí, yóò ti sá lọ.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ẹ̀rọ afepo wà lórí bèbè òkun ní Kimmeridge. Ó wà lóòótọ́, 1959 ni wọ́n sì ti rí epo ibẹ̀, ṣùgbọ́n inú òkúta mìíràn tó jìn sísàlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ni wọ́n ti ń fà á. Àpáta dúdú tó wà létí òkun níbẹ̀ ń rùn bí epo, ó tilẹ̀ ń jó, síbẹ̀ kò tíì rì jìn tó kí ooru ilẹ̀ tó sọ ohun inú rẹ̀ di epo rọ̀bì.

Kí wá ni wọ́n ń wọ̀n? Ihò kànga epo kì í sábà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbi tó ti kan epo, kànga kejì sì lè jìnnà sí i ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ìró tí a ń rán wọ inú ilẹ̀ láti fi yàwòrán rẹ̀ kì í rí ìpele tó tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ wo àpáta tó yọ síta. Ní West Bay, ẹ ó ti rí i pé àwọn ìpele líle yọ sóde, tí èyí tó rọ̀ láàárín wọn sì ti jẹ wọnú. Èròjà bí ẹfun ló so iyanrìn inú àwọn ìpele líle yẹn pọ̀, ó sì dí àlàfo wọn. Irú wọn ní Wytch Farm kì í jẹ́ kí epo lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ bó ṣe fẹ́. Létí òkun, ènìyàn lè tọ ìpele kan títí dé ibi tó ti já, kí ó wọn gígùn rẹ̀, èyí sì ń ran àwọn tó ń pinnu ibi tí kànga tuntun yóò gbà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òjò àti afẹ́fẹ́ òkun ti ba ojú àpáta náà jẹ́, nítorí náà a kì í fi òkúta ibẹ̀ nìkan díwọ̀n bí epo yóò ṣe ṣàn nísàlẹ̀. Òkúta tí a gbẹ́ jáde láti inú kànga la fi ń ṣe ìyẹn.

N kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ bi agbẹjọ́rò yín léèrè, ṣùgbọ́n láti 1934 ni òfin ti sọ pé ti Ọba, ìyẹn ìjọba, ni epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí epo bá tilẹ̀ tú jáde nínú púlọ́ọ̀tì yín, kì í ṣe tiyín. Ní Nàìjíríà náà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín.

Bí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sábẹ́ àpáta náà. Ní 2012, ó ya lulẹ̀ ní Burton Bradstock, ní etíkun kan náà, ó sì pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan.